Bí ẹ ṣe lè pààrọ̀ síńkì ìdí ẹnjìnnì ọkọ̀ ojú omi yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ kékeré tẹ́ ẹ fi ń lọ Tarkwa Bay tàbí Ilashe lópin ọ̀sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹnjìnnì yín lónìí. Irin kan wà lókè pùròpẹ́là níbẹ̀, ó rí bí ìrù ẹja, àwọ̀ eérú ni. Òmíràn tún wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹnjìnnì ti so mọ́ ara ọkọ̀, ìyẹn rí gbọọrọ. Síńkì làwọn mẹkáníìkì wa ń pè é, ì báà jẹ́ síńkì, ì báà má jẹ́ síńkì, orúkọ yẹn gan-an ló sì ń kó bá ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà.

Irin ẹbọ ni. Alumíníọ̀mù ni ara ẹnjìnnì, pùròpẹ́là tiẹ̀ lè jẹ́ stéènlẹ́ẹ̀sì, tí irin méjèèjì bá ti fara kanra tí wọ́n sì jọ wà nínú omi iyọ̀, wọ́n ti di bátìrì nìyẹn, iná kékeré á máa rìn láàárín wọn, ara alumíníọ̀mù ló sì máa ń jẹ. Wọ́n wá fi irin tó tètè ń jẹ jù ú lọ síbẹ̀ kó máa jẹ dípò ẹ̀. Tíyẹn bá tán tẹ́ ẹ ò pààrọ̀ ẹ̀, ìdí ẹnjìnnì ló kàn, owó ìdí ẹnjìnnì kan ṣoṣo á sì ra irin yìí fún yín fún ọdún gbọọrọ.

Ìgbà wo lèèyàn ń pààrọ̀ ẹ̀? Tó bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ yọ ọ́, ẹ má dúró dìgbà tó máa tán. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kọ́ ni èyí tó ti jẹ o, èyí tí ò jẹ rárá ni. Mo ra ẹnjìnnì tòkunbọ̀ kan nígbà kan, ẹni tó tà á fún mi ti fọ́n ọ̀dà sí gbogbo ìdí ẹ̀ kó lè máa dán, ó fọ́n ọn mọ́ irin yẹn náà. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń wò ó tí inú mi ń dùn pé ó ṣì pé pérépéré, àṣé omi ti ń lu ara ẹnjìnnì ní ihò wínníwínní lábẹ́ ọ̀dà, ọjọ́ tá a tú ọ́ìlì gíà, funfun bíi mílíìkì ló ń jáde, omi ti wọlé. Torí náà tí tiyín bá dán bíi tuntun lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nínú omi, ẹ má yọ̀, ẹ wádìí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rírà ló kàn, ẹ fara balẹ̀ síbí. Omi ọ̀sà wa kì í dúró lójú kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á gba Commodore Channel wọlé, iyọ̀ á pọ̀. Tójò bá wá dé, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun á tú omi wọn sí i, iyọ̀ á dín kù gan-an, ìgbà yẹn náà ni koríko orí omi máa ń bo gbogbo ojú omi, torí kò lè gbé nínú iyọ̀. Síńkì gidi, omi òkun ló mọ̀ ọ́n ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, tí iyọ̀ bá ti dín kù, ìpẹ́ kan á bò ó, kò ní jẹ mọ́, ìyẹn ni pé kò dáàbò bo nǹkan kan mọ́. Mágínísíọ̀mù ni tàwọn tó wà lórí omi tí ò níyọ̀ rárá, ẹ bá gbé ìyẹn dé ojú òkun, kíá ló máa jẹ tán. Alumíníọ̀mù ló lè gbé nínú omi iyọ̀ àti omi tí iyọ̀ ẹ̀ dín kù, òun ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ ń gbé l'Ékòó kó rà.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà tí wọ́n ní "síńkì nìyí," ẹ gbé e wò lọ́wọ́. Síńkì wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀, ọwọ́ yín á sọ fún yín. Ẹ má sì gbé ti àtijọ́ lọ bá àwọn tó ń rọ ìkòkò pé kí wọ́n bá yín rọ irú ẹ̀, mo ti rí ẹni tó ṣe é. Alumíníọ̀mù ìkòkò máa ń fi awọ ara ẹ̀ bora, kì í jẹ, ti ẹnjìnnì ní síńkì àti irin kan tí wọ́n ń pè ní indium díẹ̀ nínú kó lè máa jẹ geere. Ẹ ra ti gbogbo ibi tó wà lẹ́ẹ̀kan náà, kó jẹ́ oríṣi kan, ẹ má da síńkì pọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù.

Ó yá, iṣẹ́ dé. Ẹ fa ọkọ̀ gòkè, ẹ pa bátìrì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ẹ gbé ẹnjìnnì sókè kẹ́ ẹ sì fi lọ́ọ̀kì ẹ̀ há a, kó má lọ já lu ọwọ́ yín. Kẹ́ ẹ tó fi sípánà kan èyí tó dà bí ìrù ẹja yẹn, ẹ fi máákà fàlà sí ibi tó kọjú sí, torí òun ló tún ń bá yín mú sítíárín dúró, tó bá yí díẹ̀, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lára ọ̀pọ̀ Yamaha ńlá, òkè ni bóòtù ẹ̀ wà, lábẹ́ rọ́bà kékeré kan. Tó bá ti gan, ẹ fọ́n ọ́ìlì atúrin sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ tún fọ́n sí i, ẹ má fi hámà lù ú torí bóòtù tó bá kán sínú alumíníọ̀mù, wàhálà gidi ni.

Tó bá ti bọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha ojú ibi tó jókòó sí títí irin á fi dán. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń kánjú, wọ́n á kàn nù ún. Kò gbọdọ̀ sí ọ̀dà, gíríìsì tàbí sílíkóònù láàárín irin méjèèjì, irin gbọdọ̀ kan irin. Ẹ fi tuntun síbẹ̀, ẹ gbé e sójú ilà tẹ́ ẹ fà, ẹ dè é le. Lẹ́yìn náà ẹ mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná, ẹ yí i sí ibi tó ń ka ohms, ẹ fi ẹnu wáyà kan sórí irin tuntun, èkejì sórí ibi tí ọ̀dà ò sí lára ẹnjìnnì. Kó má ju 1 lọ. Tó bá jù ú lọ, ẹ tú u, ẹ tún ibẹ̀ ha.

Àwọn ẹnjìnnì kan tún ní kékeré kan nínú, níbi tí omi tó ń tù ú ń gbà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ṣí ìyẹn pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ẹ kọ déètì sórí téèpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ideri ẹnjìnnì. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún de bóòtù náà le, torí bí irin ẹbọ ṣe ń jẹ ni ìdè ẹ̀ ń dẹ̀. Tó bá lọ jẹ́ pé láàárín oṣù kan yẹn ó ti jẹ kọjá ìdajì, iná ń jò níbì kan, ẹ yẹ wáyà bátìrì tó wọnú omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò, tẹ́ ẹ bá sì máa ń gba iná láti jẹ́tì, ẹ yọ wáyà iná jẹ́tì náà kúrò nígbà tẹ́ ẹ ò bá lò ó, torí ó so ọkọ̀ yín pọ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ yòókù tó ń gba iná níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé irin tẹ́ ẹ rà ló ń jẹ nítorí ọkọ̀ aládùúgbò yín.