Ẹ Yé Fowó Ṣòfò Lórí Èròjà Tó Ń Mú Kòkòrò Jẹ Ewé

Owó tí àwọn ọmọ tuntun ń dànù ní lábù l'Ákokà ń dùn mí wọra. Neochetina la ń bá ṣiṣẹ́, kòkòrò onímú gígùn tó ń jẹ water hyacinth, ewé tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja lórí ọ̀sà. A fẹ́ mọ èròjà inú ewé náà tó ń mú un jẹun.

1. Ẹ má dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ òkun á ti wọ ọ̀sà, ewé á ti kú.

2. Ẹ má sá ewé sí oòrùn gangan. Ibòji ni.

3. Ẹ má dán an wò lọ́sàn-án. Alẹ́ ni Neochetina ń jẹun jù. Lọ́sàn-án, á sá pamọ́ sí ìdí ewé.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àìní bébà àfiwé, ìyẹn bébà tí kò ní èròjà tí à ń dán wò. Ọmọ kan gbé àwo rẹ̀ wá bá mi, ojú ti fà ro. Ó ti ra èròjà olówó gọbọi láti òkè òkun, ó fi methanol, ọtí lábù tó ń yọ́ èròjà, pò ó, ó kán an sórí bébà asẹ́, ó sì da kòkòrò tì í lójú ẹsẹ̀. Gbogbo wọn sá lọ sábẹ́ ìdérí. Ó ní èròjà náà kò dáa. Mo gbé bébà náà súnmọ́ imú: methanol ṣì ń ta sánsán níbẹ̀! Ẹ jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ to bébà mẹ́ta sínú àwo kan náà: ọ̀kan tí methanol nìkan ti gbẹ sí, ọ̀kan tó ní ṣúgà nìkan, ọ̀kan tó ní omi ewé. Ẹ má fojú di ti ṣúgà o. Ó wà nínú ewé gbogbo, ó sì ń mú ọ̀pọ̀ kòkòrò jẹun. Bí omi ewé yín kò bá borí rẹ̀, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Ẹ má sì pe wíwá ní jíjẹ. Ní 1977, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Del Fosse àti Perkins, fi hàn pé òórùn water hyacinth tó ti gbọgbẹ́ ń fa Neochetina wá. Òórùn ló pè é. Ìyẹn ò ní kó jẹun tó bá débẹ̀. Àpá kéékèèké tó họ sára ewé, bíi mìlímítà 2 sí 4, ni kí ẹ máa kà.

Ní 1910, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Verschaffelt, fi sinigrin, èròjà inú mọ́sítáàdì, pa ewé tí ìdin labalábá Pieris kì í jẹ, wọ́n sì jẹ ẹ́. Kò gba ẹ̀rọ ńlá kankan. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ewé tútù ṣe bẹ́ẹ̀. Tí àpá bá yọ, kí ẹ wá lọ sanwó èròjà.