Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ ajá yín ní ìwà tó ń dójú tì yín: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Iṣẹ́ ajá kíkọ́ ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kẹ́nì kan má pè mí pé ajá òun ti ya wèrè. Tí mo bá débẹ̀, Alsatian oṣù mẹ́rin tí wọ́n fowó gidi rà ni màá bá, ó ń fò mọ́ èèyàn, ó ń gun ẹsẹ̀ àlejò, ó ń tọ̀ sí kápẹ́ẹ̀tì. Wèrè kọ́ o, ẹ jọ̀ọ́.

1. Ẹ yéé ra ọmọ ajá tí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ bí wọn pọ̀ ló ti ń mọ̀ pé téèyàn bá buni jẹ jù, eré parí nìyẹn. Ẹni tó tà á fún yín ní ọ̀sẹ̀ 5 ti gbowó lọ, eyín ló kù fún yín.

2. Ẹ má nà án torí pé ó rí yín ó tọ̀ sílẹ̀. Inú ẹ̀ ló dùn jù, tàbí kẹ́rù yín máa bà á. Ẹ tún wá ki imú ẹ̀ bọ ìtọ̀, ẹ̀rù á pọ̀ sí i, ìtọ̀ náà á pọ̀ sí i. Ìta ni kẹ́ ẹ ti máa kí i, jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan.

3. Fífò mọ́ èèyàn. Haa, ibí yìí ni inú ti ń bí mi. Nígbà tó ṣì kéré bíi bọ́ọ̀lù òwú, ó fò mọ́ yín, ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ gbé fídíò ẹ̀ sí WhatsApp, ó wá di oṣù márùn-ún, ó ti wúwo, nǹkan kan náà tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ fún un lẹ́ran lẹ tún wá ń tìtorí ẹ̀ mú pankẹ́rẹ́. Dádì ní kò gbọ́dọ̀ fò, mọ́mì ń fọwọ́ pa á lára, àwọn ọmọ ń pariwo sá kiri, ajá ń lé wọn. Tẹ́ ẹ bá sì fọwọ́ tì í, eré nìyẹn lójú tiẹ̀. Bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ ló rí, tó bá ti jẹ lẹ́ẹ̀kan péré kò ní jáwọ́.

Èmi tí mò ń pariwo yìí náà ńkọ́? Lọ́jọ́ táwọn àna mi wá, okùn ọmọ ajá mi wà lára hándù ilẹ̀kùn, mi ò fi sí i lọ́rùn torí mo fẹ́ ṣe fáàrí fún wọn. Bàbá ń gbàdúrà, gbogbo wa dijú, nígbà tí mo la ojú kan wò báyìí, ó ti di ẹsẹ̀ àǹtí ìyàwó mi mú, ó ń gùn ún, ẹrẹ̀ pupa lára léèsì funfun. Ajá obìnrin ni o. Àdúrà yẹn ò sì tán bọ̀rọ̀.

Torí náà, kí àlejò tó wọlé, ẹ fokùn sí i lọ́rùn, kẹ́ ẹ tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ débi tó fi lè dúró àmọ́ tí ò lè fò. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, ẹ fún un ní ègé ẹja gbígbẹ. Ẹsẹ̀ gbéra, ẹ kẹ̀yìn sí i, ẹ má sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ló máa ṣe é, títí kan ẹni tó ń ṣí géètì.

Gígùn ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́, ara ẹ̀ ló yá jù, kì í ṣe ìṣekúṣe, ẹ má tìtorí ẹ̀ sáré lọ tẹ ọmọ oṣù mẹ́ta lọ́dàá.

Ẹ yéé fún un lọ́tí, ata àti ẹ̀tù ìbọn.

Ìkarùn-ún àbí ìkẹfà, mi ò kà á mọ́: ẹ jẹ́ kó sùn. Ọmọ ajá lè sun wákàtí 18 lóòjọ́, èyí táwọn ọmọ yín ń jí ní gbogbo ìgbà, kó má bu ẹsẹ̀ jẹ kẹ̀?

Lánàá, ẹnì kan ní òun fẹ́ ta Alsatian òun kóun fi ra Rottweiler torí pé èyí ò gbọ́ràn. Mo ní ẹ̀yin mélòó lẹ wà nílé? Ó ní àwọn méje. Mo ní kó kó àwọn méjèèje jọ, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.