Bí a ṣe ń fi ìrísí àsopọ̀ tí kò sí kún fọ́ǹtì Lárúbáwá

Àfáà kan ní Ìlọrin gbé ìwé àjámì, ìyẹn èdè wa tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, wá pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ní Maghrib àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ṣe ń kọ lẹ́tà fá tirẹ̀, dọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀: ڢ. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo lẹ́tà yòókù di ara wọn lọ́wọ́ mú, ڢ nìkan ló dúró gbọnrangandan láàárín wọn. Fọ́ǹtì tí mo lò, ìyẹn fáìlì tó ní àwòrán àwọn lẹ́tà nínú, ní lẹ́tà náà o. Ìrísí rẹ̀ tó ń so mọ́ ẹlòmíràn ni kò ní. FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fọ́ǹtì, ni mo fi tún un ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni tó bá ti jókòó ní ilé-kéwú rí mọ̀ pé lẹ́tà kan lè ní ìrísí mẹ́rin. Ẹ wo ب nígbà tó bá dá wà, بـ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ـبـ láàárín, ـب níparí. Àmọ́ fọ́ǹtì kọ́ ló ń pinnu èyí tí yóò jáde. Ètò tó ń to lẹ́tà ló ń pinnu. HarfBuzz ni Firefox àti LibreOffice ń lò. Òun ló ń wo àkọsílẹ̀ Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, bóyá lẹ́tà yìí ń so àti ẹ̀gbẹ́ tó ń so sí, á wá bi fọ́ǹtì léèrè pé, "Ṣé o ní ti àárín?" Bí fọ́ǹtì bá dákẹ́, èyí tó dá wà ni yóò gbé jáde. Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ló wà ńlẹ̀: ká ya àwòrán, ká sì kọ́ fọ́ǹtì bí yóò ṣe dáhùn. Èkejì yìí lèèyàn máa ń gbàgbé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ka ìwé àṣẹ fọ́ǹtì náà. SIL Open Font License, tí Amiri àti Scheherazade New wà lábẹ́ rẹ̀, gbà yín láyè láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ṣe é bá ti sọ pé òun nìkan ló lè lo orúkọ fọ́ǹtì náà, ẹ sọ tiyín ní orúkọ mìíràn.

Ẹ ṣí i nínú FontForge, ẹ lọ sí View, ẹ tẹ Goto, kí ẹ kọ U+06A2, nọ́ńbà ڢ. Lẹ́yìn náà ẹ wá uni06A2.init (ti ìbẹ̀rẹ̀), uni06A2.medi (ti àárín) àti uni06A2.fina (ti ìparí). Bí ẹ ò bá rí wọn, ẹ wo orúkọ tí fọ́ǹtì náà fún بـ, kí ẹ tẹ̀ lé ìlànà yẹn. Lábẹ́ Encoding, ẹ lo Add Encoding Slots láti ṣí àyè mẹ́ta, kí ẹ fi Glyph Info sọ wọ́n lórúkọ. Ẹ má ṣe fún wọn ní nọ́ńbà Unicode kankan.

Yíyàwòrán kò le, torí pé ف ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ da ìrísí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àyè tuntun, ẹ yọ dọ́ọ̀tì òkè, kí ẹ fi ọ̀kan sísàlẹ̀. Ojú ìsopọ̀ ni kí ẹ má yà kúrò. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà apá òsì ni ìrísí ìbẹ̀rẹ̀ ti ń na ọwọ́ jáde. Ìlà ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ dé 0, ìyẹn etí àyè lẹ́tà náà, lápá òsì. Èmi máa ń jẹ́ kó kọjá 0 díẹ̀, bí ìwọ̀n 10 nínú 1000. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí ìlà funfun tín-ín-rín láàárín lẹ́tà méjì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ ìwé náà jáde. Ti ìparí so lápá ọ̀tún, ti àárín so lápá méjèèjì. Gíga àti nínípọn ìlà náà gbọ́dọ̀ bá ti ب dọ́gba.

Ó wá ku ìdáhùn. Ẹ lọ sí Element, Font Info, Lookups, GSUB, ibi tí fọ́ǹtì ń to ìlànà pípààrọ̀ ìrísí sí. Ẹ ṣí èyí tó jẹ́ init, kí ẹ fi ìlà kan kún un: uni06A2 lápá òsì, uni06A2.init lápá ọ̀tún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún medi àti fina. Bí kò bá sí rárá, ẹ lo Add Lookup, ẹ yan Single Substitution, kí ẹ kọ init sí Feature, kí arab sì wà ní Script. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ا د ذ ر ز و ni ẹ ń tún ṣe, fina nìkan tó, torí wọn kì í so mọ́ èyí tó tẹ̀ lé wọn.

Àjámì kò ṣeé kà bí kò bá sí àmì fáwẹ́lì. Ẹ fi ojú ìdúró àmì, tí FontForge ń pè ní anchor, sókè àti sísàlẹ̀ lẹ́tà tuntun kọ̀ọ̀kan. Kí ti ìsàlẹ̀ kọjá dọ́ọ̀tì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kasra, àmì fáwẹ́lì ti ìsàlẹ̀, á lọ jókòó lé e lórí. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lójú ìwé mọ́kànlá kí n tó rí i.

Ẹ má gba ọ̀nà àbùjá. Mo ti lo àwọn lẹ́tà àsopọ̀ àtijọ́ tó wà ní U+FE70 sí U+FEFF fún iṣẹ́ kan rí. Ó dára lójú, àmọ́ oníbàárà mi wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà títí, kò rí i. ڢ kò tiẹ̀ sí lára wọn. Àwọn mìíràn a fi lẹ́tà sí àyè tí Unicode fi sílẹ̀ fún àdáni. Ètò tó ń to lẹ́tà kò mọ ìwà ohun tó wà níbẹ̀, kò sì ní so ó láéláé.

Ẹ fi Generate Fonts gbé e jáde, ẹ pa LibreOffice, kí ẹ tún un ṣí, kí ẹ tẹ ڢب, بڢب àti بڢ, pẹ̀lú kasra àti láìsí i. Bí nǹkan kò bá yí padà, ẹ wò ó bóyá fọ́ǹtì àtijọ́ ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Bó bá sì jẹ́ ࢻ, fá ti Áfíríkà mìíràn tí wọ́n fi kún Unicode ní 2016, ni ẹ fẹ́ lò dípò ڢ, ètò tó ti gbó kò ní mọ̀ pé ó ń so. Ìbẹ̀rẹ̀ àti àárín nìkan ni ti òun ti ní dọ́ọ̀tì. Fún ìparí, ẹ fi í sílẹ̀ láìní.