Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wa àti owó pléètì tí mo san lẹ́ẹ̀kejì

Owó pléètì yẹn, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ilé ìtẹ̀wé fi ń tẹ ìwé, ṣì ń dùn mí. Ẹgbẹ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ní kí n bójú tó kàlẹ́ńdà ọdún tuntun. Fọ́tò àwọn olóyè àti ọjọ́ ìpàdé kò le, ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí tiwa fi yàtọ̀ ni ìtàn ọ̀rọ̀ "kàlẹ́ńdà" fúnra rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ìwé.

Kalendae ni àwọn ará Róòmù ń pe ọjọ́ kìíní oṣù. Inú calare, ìyẹn kí á kéde, ló ti jáde, torí àwọn àlùfáà wọn ló ń kéde oṣù tuntun fún aráàlú. Ọjọ́ yẹn náà ni èlé orí owó máa ń pé. Ìwé tí olówó èlé ń kọ gbèsè sí ni wọ́n ń pè ní kalendarium. Ibẹ̀ ni Faransé ti rí calendrier, Ítálì àti Sípéènì rí calendario, Jámánì rí Kalender. Àwọn ará Wales ń pe ọjọ́ ọdún tuntun ní Calan.

Ilé ìtẹ̀wé ni wàhálà wà. Ọmọ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí ìlà pupa tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ pé àṣìkọ ni lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó bá sọ gbogbo wọn di "calendar". Wọn ò fi hàn mí, wọ́n ti ṣe pléètì. Ìgbà tí mo gba ẹ̀dà àkọ́kọ́: Faransé, calendar. Jámánì, calendar. Wales, calendar! Kalendae pàápàá, tí àwọn ará Róòmù ń fi K kọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà lo K, ti di C. Ìtàn wo ló wá kù?

Ọ̀gá wọn ní, "Ẹ má bínú, sà. Ṣé ẹnikẹ́ni máa kà á ni?" Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ó tún ní èmi ni n ó san owó pléètì tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, mo mú àgbà ẹgbẹ́ lọ bá a, kò gbà. Mo san án.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ irú nǹkan báyìí, PDF, tí kò rọrùn láti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, ni kẹ́ ẹ gbé fún wọn, ẹ má gbé Word. Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí ẹ̀dà kan kí wọ́n tó sún mọ́ pléètì.

Àmọ́ kàlẹ́ńdà náà dára, ó dára gan-an. Ibi tí Késárì Augustus, tí wọ́n bí Jésù láyé rẹ̀, ti ń sọ pé ajigbèsè tí kò ní san yóò san án ní Kalendae àwọn Gíríìkì, àwọn tí kò ní Kalendae rárá, ni àwọn àgbà ń kà sókè fún ara wọn. Akápò ní bí wọ́n bá tà á tán, òun á yọ owó pléètì kejì fún mi.