Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Àtọwọ́dá: Àwọn Àṣìṣe Tí Kì Í Jẹ́ Kí Iná Rẹ̀ Tàn

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi nǹkan inú ilé ṣe ẹ̀rọ kékeré tí afẹ́fẹ́ ń yí, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe lẹ́ṣọ̀ọ́. Mótò èyíkéyìí tọ́wọ́ bá sáà ti bà ni wọ́n á wá fi sí i. Bẹ́ẹ̀, inú mótò ni iná ti ń wá.

Ẹ má lo mótò inú ọkọ̀ ìṣeré. Ó gbọ́dọ̀ yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó mú iná gidi jáde, abẹ̀bẹ̀ tí a fọwọ́ gé kò sì lè sáré tó bẹ́ẹ̀. LED, ìyẹn gílóòbù kékeré tí ẹ fẹ́ kó tàn, ní ohun tó ń fẹ́: pupa ń fẹ́ nǹkan bíi volt 2, funfun ń fẹ́ bíi 3. Ẹ tú printer tó ti bàjẹ́, kí ẹ wá mótò oníwáyà méjì tí wọ́n kọ 12V tàbí 24V sí lára. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ ọn, ẹ so ó mọ́ mítà tó ń wọn volt, kí ẹ fìka yí i. Bí mítà ò bá fi bẹ́ẹ̀ gbéra, ẹ wá òmíràn. Bó bá gbéra dáadáa tí LED kò tàn, ẹ pa ẹsẹ̀ LED dà: ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni iná ń gbà wọ inú rẹ̀. Ẹ má fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ dán an wò o, iná tó ń jẹ ti pọ̀ jù fún un.

Abẹ̀bẹ̀ tó kọjú gbọnran sí afẹ́fẹ́ kò ní yí. Ṣe ni afẹ́fẹ́ á kàn máa tì í sẹ́yìn. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bíi díkírì 15. Páìpù omi oníke (PVC) tí a là gbọọrọ dáa ju páálí lọ, torí ó ti tẹ̀ fúnra rẹ̀. Páìpù PVC náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, William Kamkwamba, fi ṣe abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ní Màláwì lọ́dún 2002, tó sì fi dynamo (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú iná wá fún kẹ̀kẹ́) ṣe mótò. Òun yọ́ tirẹ̀ lórí iná kó lè tẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan ṣe èyí: májèlé ni èéfín PVC. Ayùn nìkan ti tó.

Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá dúró, òun ló wúwo jù. Ẹ fi sáńpépà ha á. Tí ẹ bá ń lẹ ìdérí ìgò tó di àwọn abẹ̀bẹ̀ mú mọ́ ọ̀pá mótò, igi ìṣáná ni kí ẹ fi fi gọ́ọ̀mù sínú ihò ìdérí. Ẹ̀kán kan tó bá ṣàn wọ inú mótò ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà gbangba tàbí iwájú fáànù ló yẹ ẹ́. Wáyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé láéláé: volt 230 ló wà níbẹ̀, ó sì ń pa ọmọ.