Ẹ Má Tíì Fọ́ọ̀mátì Ẹ̀: Bí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kan Ṣe Tún Gbéra

Bí kọ̀ǹpútà bá ń ṣàìsàn, ohun tó bá kọ́kọ́ kọ sójú ni kí ẹ gbájú mọ́. Èyí tó bá kọ gbẹ̀yìn, tó tóbi jù, tó sì ń dẹ́rù bani jù, àbájáde lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lórí ohun tí kò tó nǹkan.

Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà, irú èyí tí àwọn òyìnbó lò ní ọ́fíìsì wọn títí tó fi sú wọn. Core 2 Duo ni ọpọlọ rẹ̀, RAM (ibi tó ń to iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) jẹ́ 2GB, hard disk (ibi tí fáìlì ń gbé) jẹ́ 160GB, Windows 7 ló sì wà lórí rẹ̀. Fáìlì Excel kan ṣoṣo ni orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà, pẹ̀lú iye tí kálukú ti dá àti iye ẹ̀yáwó tó kù lọ́rùn oníkálukú. Bàbá Akọ̀wé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń bójú tó o. Kí n tó débẹ̀, ẹnjiníà kan ládùúgbò ti wò ó, ó ní hard disk ti kú. Bí kò bá sì kú, kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ìyẹn ni kí òun pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "bó bá fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ta ni yóò gbà pé òun jẹ ẹgbẹ́ lówó?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tó ń sọ."

Mo tàn án. Ohun tó kọ nìyí:

CMOS checksum error - Defaults loaded
Floppy disk(s) fail (40)
Press F1 to continue, DEL to enter SETUP

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka èyí rárá. Wọ́n á ti tẹ F1 kí ojú wọn tó balẹ̀ síbẹ̀. Bó bá ń yára kọjá mọ́ yín lójú, bọ́tìnnì Pause lórí kíbọọ̀dù lè dá a dúró. Èmi fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, torí pé ẹnu èèyàn kì í rántí nọ́ńbà dáadáa.

Ìlà àkọ́kọ́ ni ọ̀gá. CMOS ni ibi kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí ó ń tọ́jú ọjọ́, aago, àti gbogbo ètò tí ẹni tó tò ó ti yàn fún un. Bí a bá ti tan ẹ̀rọ, yóò ṣírò ohun tó wà níbẹ̀, yóò sì fi wé àròpọ̀ tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, á dà gbogbo rẹ̀ nù, á padà sí ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i. Ìtumọ̀ "Defaults loaded" nìyẹn. Ìlà kejì, ọmọ ìlà kìíní ni: ètò ilé iṣẹ́ gbà pé ẹ̀rọ náà ní ibi tí wọ́n ń ki díìsìkì pẹlẹbẹ àtijọ́ bọ̀, ẹ̀rọ yìí kò sì ní in. Ó wá a, kò rí i, ó figbe ta. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Mo wá tẹ F1. Àmì Windows yọ, ojú ẹ̀rọ ṣẹ́jú láwọ̀ búlúù, ó kú, ó tún tan. Lẹ́yìn náà ló gbé Startup Repair wá, èyí tó pẹ́ títí kó tó sọ pé òun kò lè tún un ṣe. Mo rò pé ibí ni ẹnjiníà yẹn ti ṣíwọ́. Ojú búlúù tó ń ṣẹ́jú yẹn ni mo fẹ́ kà, nítorí náà mo tún un tàn, mo ń tẹ F8 léraléra títí àkójọ ohun tí èèyàn lè yàn fi yọ, mo sì yan "Disable automatic restart on system failure". Báyìí ni ojú búlúù dúró kí n kà á: STOP: 0x0000007B.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé Windows ti ń jí, ó wá yíjú wá díìsìkì tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé lórí rẹ̀, kò rí i mọ́. Díìsìkì tó kú lè fa èyí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: bí díìsìkì bá ti kú pátápátá, níbo ni ẹ̀rọ ti rí àmì Windows tó kọ́kọ́ fi hàn wá? Orí díìsìkì kan náà ni àmì yẹn ti wá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura pé ẹnjiníà wa ti dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́ kejì.

Síbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan ètò kankan kí fáìlì Bàbá tó wà ní ibi ààbò. Mo yọ hard disk náà, mo fi okùn tó ń so SATA (ẹnu tí hard disk ń gbà so mọ́ ẹ̀rọ) mọ́ USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ mi. Ó yọjú lójú ẹsẹ̀, gbogbo fódà rẹ̀ pé. Mo fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara hard disk ṣe le sí, yẹ̀ ẹ́ wò, ó kọ "Good". Mo da ohun gbogbo kọ. Bàbá ní kí n ṣí fáìlì náà kí àwọn fojú ara àwọn rí i, mo sì ṣí i. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wá, wọ́n wo iye tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé CrystalDiskInfo kọ "Bad" ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìbá parí sí: hard disk tuntun ni à bá rà, a kò ní máa tún èyí tó ń kú lọ ṣe.

Ó wá kan bátìrì. Lórí motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ) gbogbo kọ̀ǹpútà irú èyí, bátìrì róbótó kan wà tó dà bíi ti aago ọwọ́. CR2032 ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń bọ́ CMOS nígbà tí iná kò bá wọ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ ti sọ bó ṣe tóbi tó: 20mm ni fífẹ̀ rẹ̀, 3.2mm ni nínípọn rẹ̀, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 3V. Mo yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán, mo fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀ kí iná tó lè wà lára mi má baà ba nǹkan jẹ́, lẹ́yìn náà ni mo tó kọwọ́ bọ inú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ inú ẹ̀rọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi gbá a.

Mo fi mítà wọn bátìrì náà. Kò tó 2V. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ní Dùgbẹ̀, mo ra tuntun, mo sì wọ̀n ọ́n níbẹ̀ kí n tó sanwó. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì tó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí tébù pọ̀ lọ́jà, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Tuntun tó dáa gbọ́dọ̀ fi 3V hàn tàbí kó lé díẹ̀. Ojú tí wọ́n kọ àmì + sí ni ẹ ó dá sókè. Ẹ fi èékánná ti irin kékeré tó dì í mú sẹ́yìn, ẹ má fi súkúrúdíráfà wú u, ohun tó wà láyìíká rẹ̀ lórí motherboard kò fẹ́ ìfarapa.

Bátìrì tuntun kò mú ètò àtijọ́ padà o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á pààrọ̀ bátìrì, Windows kò ní wọlé síbẹ̀, wọ́n á ní "a ti sọ, hard disk ni." Ìlà àkọ́kọ́ yóò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì wà lórí ètò ilé iṣẹ́, ọwọ́ ara yín ni ẹ ó fi tún un tò.

Mo dá hard disk padà sáyè rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mo tẹ DEL, mo wọ inú BIOS, ibi tí a ti ń to ètò ẹ̀rọ kí Windows tó jí. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2008. Mo tún un ṣe. Ní Standard CMOS Features, mo yí Drive A sí None, ọ̀rọ̀ díìsìkì pẹlẹbẹ parí síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí Integrated Peripherals, mo sì rí i: SATA mode wà lórí IDE.

Ọ̀nà méjì ni motherboard irú èyí lè gbà bá hard disk sọ̀rọ̀, IDE tó jẹ́ ti àtijọ́ àti AHCI tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tí Windows 7 bá bá nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ni yóò máa lò. Awakọ̀ (driver) ọ̀nà kejì, ìyẹn ètò tó fi ń lo ọ̀nà náà, á pa á tì. Ẹni tó to ẹ̀rọ yìí nígbà náà ti yan AHCI. Bátìrì kú, BIOS gbàgbé, ó padà sí IDE, Windows wá dà bí ẹni tó ti oko dé tó bá kọ́kọ́rọ́ mìíràn lẹ́nu ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Ilé kò wó, ẹrù kò sọnù, kò kàn ríbi wọlé ni.

Mo yí i sí AHCI, mo tẹ F10, mo fọwọ́ sí i pé kó tọ́jú rẹ̀. Windows wọlé láìjanpata.

Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ̀rọ tiyín wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ dán èkejì wò. Bí kò bá wọlé, ẹ dá a padà, yíyí i láàárín méjèèjì kò pa fáìlì rẹ́. Bí ẹ bá rí RAID, ètò tó ń so hard disk púpọ̀ pọ̀, níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kan án bí kì í bá ṣe pé ẹ mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ètò náà yóò dúró. Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ ọ́ kúrò lára iná, a jókòó sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo tún un tàn. Ohun tó kọ ni: "BOOTMGR is missing. Press Ctrl+Alt+Del to restart".

"Ó tún ti dé!" Bàbá ti dìde dúró.

Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Fláàṣì Bàbá wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i pé Windows ti wọlé ni wọ́n ti ki fláàṣì náà bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ láti yára kó orúkọ àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ètò ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà fi USB ṣáájú hard disk, nítorí náà ó lọ wá Windows lórí fláàṣì, kò sì bá a níbẹ̀. Mo yọ fláàṣì, ẹ̀rọ wọlé. Mo padà sínú BIOS, mo fi hard disk ṣáájú ohun gbogbo. Bí kọ̀ǹpútà yín bá kọ irú èyí, tàbí "NTLDR is missing" lórí Windows XP, tàbí "Disk boot failure", ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo fláàṣì àti CD tó wà lára rẹ̀. Bó bá ṣì ń kọ ọ́ lórí Windows 7 lẹ́yìn ìyẹn, díìsìkì tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí ẹ̀rọ ni ẹ ó fi tàn án. Ẹ wọ Command Prompt nínú Repair, ẹ tẹ bootrec /fixmbr, bootrec /fixboot, àti bootrec /rebuildbcd. Ìyẹn náà kò béèrè fọ́ọ̀mátì.

Nígbà tí ọkàn Bàbá ti balẹ̀ ni wọ́n tó sọ fún mi pé ó ti pẹ́ tí aago ẹ̀rọ náà ti ń padà sẹ́yìn, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń sọ fún wọn pé ibi tí wọ́n fẹ́ lọ kò dáa. Àmì bátìrì ni gbogbo ìyẹn. Ìwé ẹ̀rí tí ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń fira rẹ̀ hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé ọdún 2008 la wà yóò rí i bí ìwé tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n tilẹ̀ yé gbé ẹ̀rọ náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́: láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú títún ihò ara Windows 7 dí.

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí bátìrì fi ń tètè kú níbí. Bí wáyà bá wà lára ògiri tí iná sì wà, power supply, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, ń bọ́ CMOS kódà nígbà tí ẹ̀rọ wà ní pípa, bátìrì á máa sinmi. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, wọ́n máa ń yọ gbogbo nǹkan kúrò lára ògiri tí wọ́n bá ń lọlé, nítorí bí NEPA ṣe máa ń fi ìbínú mú iná dé. Bátìrì nìkan ló ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

"Ṣé ká má yọ ọ́ mọ́ ni?"

"Ẹ máa yọ ọ́ o, Bàbá. Bátìrì ni kí ẹ máa pààrọ̀, ẹ má jẹ́ kó di power supply."

Mo ní kí wọ́n bá mi kọ ètò náà sórí ìwé, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ. Wọ́n fi ọwọ́ tíṣà kọ ọ́ gàdàgbà: SATA, AHCI. Drive A, None. Hard disk ló ṣáájú. Bátìrì, CR2032. Wọ́n kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ẹnjiníà àdúgbò sórí ìwé kejì pé àwọn á mú ẹ̀dà kan lọ fún un.