Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ awárin láti fi wá owó àtijọ́ n'Íbàdàn

Ọmọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ awárin rẹ̀, èyí tó ń ké bó bá gbúròó irin nínú ilẹ̀, wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló tíì lò ó, ó sì fẹ́ tà á ní ìdajì owó tó fi rà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni nǹkan yìí ń pa. Kò síbi tí mo gbé e dé tí kì í ké." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tàn án ní ẹ̀yìnkùlé mi, kò pẹ́ rárá tí mo fi rí i pé kò sóhun tó ṣe é. Ẹni kẹrin nìyẹn tó máa gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá bá mi lọ́dún yìí. Owó ńlá lẹ ń ná, ó sì ń dùn mí dé eegun láti rí i kí ẹ máa tà á lọ́pọ̀ nítorí ohun tí ẹ lè kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní í sọ bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń ki bátìrì bọ̀ ọ́. Ìyẹn wà nínú ìwé tó bá a wá.

Èkíní: ẹ ń dán an wò nínú ilé, tàbí ní ìsọ̀ ẹni tó tà á fún yín. Ilẹ̀ kọnkéré ní irin rọ́ọ̀dù nínú, á ké títí ọjọ́ á fi ṣú. Ní ìsọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń tà á á na owó kan síwájú àwo rẹ̀, ìyẹn orí pẹlẹbẹ tó fi ń gbúròó irin, nínú afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ á dún ganran, inú yín á dùn. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ilẹ̀. Owó tí ẹ̀rọ gbúròó nínú afẹ́fẹ́ láti ọ̀nà jíjìn lè má ta sí i létí bó bá wà ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan péré nínú ilẹ̀ pupa wa.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí. Irin ló sọ ilẹ̀ Ìbàdàn di pupa. Yangí tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà, irin tó ti dípẹtà ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń rán agbára bí agbára òòfà wọlẹ̀, á sì máa tẹ́tí sí ohun tó bá dá a lóhùn. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ ohùn ilẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lá máa dá a lóhùn. Ohun tó ń mú ẹ̀rọ ọmọkùnrin yẹn ké nìyẹn. Ẹ wá ibi tí kò ní irin, ẹ gbé àwo rẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀, ẹ tún gbé e sókè, kí ẹ sì máa tún bọ́tìnnì ìbálẹ̀-dọ́gba rẹ̀ (ground balance) ṣe títí ohùn náà kò fi ní yàtọ̀ mọ́, ì báà wà lókè, ì báà wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá kúrò lórí ilẹ̀ pupa bọ́ sórí ilẹ̀ dúdú etí odò, ẹ tún un ṣe. Bí òjò bá rọ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má yí agbára ìgbọ́ràn rẹ̀ dé òpin. Ẹ rò pé ìyẹn lá mú un gbọ́ ohun tó jìn. Ariwo lá pọ̀ sí i. Ẹ dín in kù títí ẹ̀rọ á fi dákẹ́.

Lẹ́yìn ilẹ̀, páànù ló kù. Ta ni kò mọ òrùlé Ìbàdàn? Páànù tó ti dógùn-ún ń já wẹ́wẹ́ bọ́ sílẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa, kò sì sí àgbàlá àtijọ́ tí kò sí. Páànù pẹlẹbẹ tó ti dógùn-ún lè dún bí owó gidi gan-an. Èyí ni mo fi ń dá a mọ̀: mo máa ń gbé àwo ẹ̀rọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ohùn owó kékeré á tètè kú, ohùn páànù ńlá á ṣì máa tẹ̀ lé mi dé orúnkún. Lẹ́yìn náà, mo máa ń yípo, kí n gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá lórí ibẹ̀. Owó á ké bákan náà níhìn-ín lọ́hùn-ún. Irin á ké lọ́nà kan, á wọ́ tàbí kó dákẹ́ lọ́nà kejì.

Ojú mi ti rí i kí n tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, mo wọ agbo ilé kan nítòsí Ọ̀jẹ́. Ẹ̀rọ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé àpótí owó ló wà níbẹ̀. Mo gbẹ́ ihò mẹ́tàlélógún láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ohun kan náà ni mo ń hú jáde: òkúta dúdú, wíwúwo, tó ní ihò wínníwínní lára bí afárá oyin tí iná jó. Ìyá àgbà kan tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí ní ẹnu ọ̀nà wò mí títí, ó wá ní, "Ìdàrọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Ilé àwọn alágbẹ̀dẹ lo wà." Ká ní mo ti kí i dáadáa kí n sì bi í léèrè nígbà tí mo wọlé ni, n kì bá ti gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń bi àwọn onílé ohun tí àwọn bàbá wọn ń ṣe kí n tó tan ẹ̀rọ.

Èkejì: owó tí kò yẹ lẹ fi ń kọ́ etí yín. Ẹ mú náírà kan ti 1991, èyí tó ní àwòrán Macaulay, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ẹ ní ohùn owó àtijọ́ nìyẹn. Irin ni inú owó yẹn, níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kàn fi bò ó. Ẹ fi òòfà kàn án, ẹ ó rí i tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ bẹ àwọn àgbà ilé yín kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ àpótí wọn bóyá owó ìgbà òyìnbó wà níbẹ̀: kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì ọdún 1959 tó ní kòkó lára, ṣílè. Ṣílè tí wọ́n ṣe láàárín 1913 sí 1920 lè jẹ́ fàdákà, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Idẹ ni wọ́n fi ṣe èyí tó tẹ̀ lé e, ohùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ rì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ìwọ̀n ìka kan, ọ̀kan ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ rì ìṣó, ìdérí ìgò àti páànù sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ rìn lórí wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bójú bá balẹ̀, á rímú.

Ẹ̀kẹta: owó ẹyọ kì í ṣe irin. Ẹ̀rọ yín kò lè gbúròó rẹ̀ láéláé.

Ẹ kò gbọdọ̀ máa ju ẹ̀rọ bí ẹni tó ń fi àdá ṣán oko. Ẹ jẹ́ kí àwo rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, kó tẹ́jú, kó máa lọ jẹ́jẹ́.

Àwo ńlá ń gbọ́ ohun tó jìn, àmọ́ níbi tí páànù pọ̀ sí, àwo kékeré ni kí ẹ lò, torí pé ó lè ya owó sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣó tó wà nítòsí rẹ̀.

Kí ni gbogbo yín ń sáré lọ ṣe ní tésàn Dùgbẹ̀? Òótọ́ ni pé reluwé ti dé Ìbàdàn láti 1901, àmọ́ ilẹ̀ ìjọba ni, irin ló sì kún ibẹ̀. Ẹ má dé Òkè Màpó tàbí ibi odi ìlú àtijọ́ pẹ̀lú ọkọ́. Òfin ọdún 1979 tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀ sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa gbẹ́lẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Abẹ́ igi ní abúlé kòkó, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà tẹ́lẹ̀, ló ti ń sàn mí jù, baálé ni mo sì máa ń kọ́kọ́ lọ kí. Láàárín ìgboro, ẹ rí mọ́gàjí agbo ilé. Ẹ béèrè ibi tí sàárè wà. Inú àgbàlá ni wọ́n ń sin àwọn bàbá wa sí, kò sì sí owó tó tó kí ẹ tìtorí rẹ̀ gbẹ́ orí òkú olókùú. Ẹ dí gbogbo ihò yín.

Ọ̀pá onírin tí wọ́n ń sọ pé ó ń tọ́ka sí wúrà láti ìdí òkè kejì, gbájúẹ̀ ni. Irú ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bẹ́ẹ̀ ni James McCormick, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ta ọ̀pá kan tí wọ́n ń pè ní ADE 651 fún àwọn ọmọ ogun pé ó ń wá bọ́ǹbù. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni wọ́n dá fún un ní 2013.

Bí ẹ bá wá rí owó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín bà á jẹ́. Mo rí ṣílè fàdákà kan tí ẹnìkan ti fi yanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ títí tó fi ń kọ mànà, orí ọba ti parẹ́ lára rẹ̀, ẹni tó ń ra owó àtijọ́ kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán di ọjọ́ kejì, kí iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ rọ̀. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ òwú kó gbẹ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì pọ́n ọn sínú bébà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wò ó, ẹ ní kó fi ìka méjì di etí rẹ̀ mú.